Ìkòkò Kejì Lórí Ààrò

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú mọ ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń bá lórí ààrò wọn, ìkòkò dúdú rọ̀bọ̀tọ̀ tí onílé ń bù nínú rẹ̀, tí àlejò ń bù, tí ọmọ tí ebi pa dé láti ilé ìwé sì ń yọ́ ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mo ti Ìkọ̀lé ń bọ̀, tí mo ní kí n yà kí wọn, tí odó ti dákẹ́ tí iyán sì ti bọ́ sínú ọpọ́n, mo rí ìkòkò kékeré kan tí ó jókòó ti ńlá náà bí ọmọ àgbàtọ́ tí kò tíì mọ ará ilé. N kò tíì béèrè tí ìyá onílé fi ṣàlàyé: wọ́n ti sọ fún bàbá, ọkọ wọn, ní ilé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, kí wọ́n dín iyọ̀ kù, ìkòkò kékeré sì ni tiwọn láti ọjọ́ náà lọ. Ìyá bu ọbẹ̀ gbogbo wa nínú ńlá, wọ́n bu ti bàbá nínú kékeré. Bàbá ṣan ọwọ́, wọ́n bu òkèlè, wọ́n fi run ọbẹ̀, wọ́n gbé e mì. Wọ́n wo àwo àwọn ọmọ, wọ́n wo àwo tiwọn, wọ́n wá ní, “Ẹ̀yin ará ilé yìí, ṣé mo ti di àlejò ni?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì fi mí lọ́rùn sílẹ̀. N kò bá oníṣègùn jiyàn, nítorí ẹni tí ó bá ti rí ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọwọ́ tí ó fi ń kọ ebè lánàá wá di ohun tí ẹlòmíràn ń bá a gbé, kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe àwàdà. Ohun tí mo ń rò ni ọ̀nà tí a gbà tọ́jú ọkùnrin náà. Ta ni a máa ń dá oúnjẹ rẹ̀ sè ní ilẹ̀ wa? A ń dá ti abiyamọ sè títí ara rẹ̀ yóò fi mókun. A ń dá ti aláìsàn sè títí ibà yóò fi lọ. Gbogbo wọn ni wọ́n sì mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn yóò padà sídìí ìkòkò ilé. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà lọ bí ibà ti í lọ. Ẹni tí ó bá ní i yóò máa bá a gbé ni, bí ó bá sì jẹ́ pé ìkòkò ọ̀tọ̀ ni oògùn rẹ̀, a jẹ́ pé a ti yọ ẹni náà kúrò láàárín àwọn tí ń jùmọ̀ jẹun títí ọjọ́ ayé rẹ̀, láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ó ṣẹ̀ ju pé ó lọ jẹ́ kí a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ti ń ṣe kàyéfì láti ìgbà náà pé mélòó nínú àwọn àgbàlagbà wa ni ó kọ̀ láti gba Ìdó-Èkìtì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ síbẹ̀, tí a ń pè wọ́n ní olórí kunkun, nígbà tí ó jẹ́ pé ìkòkò kejì yìí gan-an ni wọ́n ń sá fún.

Kò sì rọrùn fún ọmọ Yorùbá láti bá iyọ̀ ṣọ̀tá. Iyọ̀ afunfun-bí-ẹfun, ọmọ olókun tí omi bí tí kò sì fẹ́ kí omi fọwọ́ kan òun mọ́, aládùn tí ń bá ata àti epo parí ìjà, àwámárìídìí tí ojú kì í rí nínú ọbẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹnu ń mọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá wá: ọjọ́ kẹjọ tí a bí ọmọ ni a ti ń fi í tọ́ ọ lẹ́nu, pẹ̀lú oyin àti obì àti orógbó àti ataare, tí àwọn àgbà ń ṣe é ládùúrà pé ayé rẹ̀ kò ní té. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere sì gbé Bíbélì dé, tí a gbọ́ níbẹ̀ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni iyọ̀ ayé, kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wa. Báwo ni a ó ṣe wá dojú kọ àgbàlagbà tí a fi iyọ̀ kí káàbọ̀ sí ayé, kí a ní iyọ̀ yìí kan náà lè sin ín kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé?

Bí mo bá ti ronú débẹ̀, ìyá ìyá mi ni mo máa ń rántí. Ọmọ ìgbà ọ̀wọ́n ni wọ́n. Òkun jìnnà sí Ìkọ̀lé, orí ènìyàn ni a sì fi ń ru iyọ̀ láti ilẹ̀ olómi wá nígbà láéláé, láti ọjà dé ọjà, tí owó rẹ̀ ń gun òkè bí ó ti ń jìnnà sí etíkun; ní ayé tí Yorùbá sì ń bá ara wọn jagun, ọ̀nà tí ó bá dí mọ́ ènìyàn ti dí mọ́ iyọ̀ náà. Nígbà ogun Hitler, ojú ìyá ìyá mi ni iyọ̀ tún ṣe wọ́n káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n a máa fi ewé wé tiwọn, wọ́n a gbé e sí òkè ààrò kí ọ̀rinrin má baà sọ ọ́ domi, bí wọ́n bá sì fẹ́ fi í sọ́bẹ̀, orí ìka mẹ́ta ni wọ́n fi ń mú un, tí wọ́n ń kà á sílẹ̀ bí ẹni ń ka owó. Oníṣègùn kankan kò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́n ni oníṣègùn wọn, ó sì jẹ́ oníṣègùn tí kì í gba owó, tí kì í sì í ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nínú ilé, nítorí bí iyọ̀ bá wọ́n, ó wọ́n fún bàbá, ó wọ́n fún ìyá, ó wọ́n fún ọmọ.

Oníṣègùn náà ti kú. Ọ̀rá iyọ̀ lónìí kò tó owó búrẹ́dì, a ń ya á dà sínú ìkòkò ni, kì í sì í dá wọ inú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ná ọjà Ìkọ̀lé, tí ó ra ata, tòmátì àti àlùbọ́sà, kò ní kúrò níbẹ̀ láìra mágí, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ lé ní ìdajì ìwọ̀n hóró mágí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó já hóró mélòó kan sínú ọbẹ̀, tí ó wá bu iyọ̀ “díẹ̀” lé e, ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí nínú iyọ̀ ni èròjà tí a ń pè ní sodium, tí ó jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, èròjà yìí sì mọ ọ̀nà púpọ̀ tí ó ń gbà wọlé. Ó wà nínú búrẹ́dì tí kò dà bí ohun oníyọ̀ lẹ́nu. Ó wà nínú ìyẹ̀fun tí a ń gbọ̀n sórí Indomie àwọn ọmọ. Ó wà nínú Àjínọmótò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré sí ti iyọ̀. Kaún pàápàá, tí àwọn ará òkè ọya ń kó wá láti ìhà adágún Chad, tí a ń fi sí ilá kí ó lè yọ̀, tí a ń fi sí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, sodium ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo mọ ẹni tí ó fi iyọ̀ sílẹ̀ pátápátá tí kò sì fi kaún sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni ó tì, ó fi ti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu.

Iṣẹ́ tí sodium ń ṣe nínú ara kò ṣòro láti lóye. Ó ń fa omi mọ́ra, ara sì nílò díẹ̀ nínú rẹ̀ láti wà láàyè; kíndìnrín ni ó ń lé àṣẹ́kù jáde sínú ìtọ̀. Bí èyí tí ń wọlé bá ń ju èyí tí kíndìnrín lè lé lọ lójoojúmọ́, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á máa ti ògiri iṣan tí ó ń gbà kọjá, ọkàn á máa ṣe iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, gbogbo èyí sì lè máa ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdun olúwa rẹ̀ níbì kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, títí kan iyọ̀ tí ó wà nínú mágí, búrẹ́dì àti ọbẹ̀ lápapọ̀; nínú ìròyìn tí àjọ náà gbé jáde ní 2023, wọ́n ní ọmọ aráyé ń jẹ tó gíráàmù 10.8. A ṣáà ti ń wí i tipẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ rọ́ gbogbo èyí sẹ́yìn nídìí agbè ẹmu, tí wọ́n ń ní àwọn baba wa jẹ iyọ̀, wọ́n sì gbó. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò tìfẹ́tìfẹ́, nítorí ó wù mí kí ó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí àwọn baba wa jẹ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàpèjúwe yẹn, orí ìka mẹ́ta, pẹ̀lú oko tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn dé. Yàtọ̀ sí èyí, ta ni ó ka àwọn tí kò gbó? Ẹni tí ó ṣubú lójú ọ̀nà oko tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, a ní ayé ni ó ta á lọ́fà. Ẹni tí ó sùn tí kò jí, a lọ bi ifá léèrè. Kò sí ẹni tí ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn rí. Ní ọdún 1972 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé, ọmọ bíbí Oǹdó tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó iṣẹ́, tí ó sì papò dà ní 2020, kọ odindi ìwé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwa ọmọ Áfíríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì rò pé àìsàn òyìnbó ni.

Àwọn mìíràn ní ìdílé ni ó ń gbé e wá, pé bí Ọlọ́run ti dá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú nìyẹn. Wọ́n ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tí Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn wà nínú wọn, tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ibi mẹ́ta: nílé níhìn-ín, ní àwọn erékùṣù Caribbean, àti ní Amẹ́ríkà. Ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ ń ru fún nílé, ó di 26 ní Caribbean, ó di 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni wọ́n, ojú ọ̀nà tí a gbà kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú lọ ni ẹ̀jẹ̀ náà gbà ń ga. Ohun tí ó yí padà ni ìgbé ayé wọn: iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, bí ara wọn ti sanra tó, àti ohun tí ó wà nínú àwo wọn, iyọ̀ sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni pé a kò ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́ kí a tó rin ìrìn àjò náà. Ọbẹ̀ tí a ń sè nílé ti ń gbé wa lọ.

Nǹkan kan wà, síbẹ̀, tí àwa ará Èkìtì mọ̀ láìmọ̀ pé a mọ̀ ọ́n. Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, iyán yìí tí a sì ń fi yangàn níwájú gbogbo ayé, a kì í fi iyọ̀ sí i. Omi lásán ni a fi ń se iṣu rẹ̀. Odó àti ọmọ odó ni ó ń ṣe ìyókù. Àlejò tí ó bá ti Èkó wá, tí ó bu òkèlè àkọ́kọ́, yóò ní ó dùn, kò sì ní sí ẹni tí yóò bi í pé adùn kí ni, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé adùn iṣu ni, adùn ilẹ̀ tí ó ti jáde, àti ti apá tí ó gún un. Ẹnikẹ́ni kò tíì dìde nídìí iyán rí kí ó ní iyán yìí té. A jẹ́ pé ahọ́n wa kò ṣàì mọ oúnjẹ tí kò ní iyọ̀. Ọbẹ̀ nìkan ni a ti kọ́ ọ láti máa bá ṣẹjọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ẹni tí ó bá dín iyọ̀ kù ti sọ adùn nù. Irú ń bẹ, tí òórùn rẹ̀ ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà, bí a bá lè bi olùtà léèrè bóyá ó ti po iyọ̀ mọ́ ọn kí ó má baà bàjẹ́. Ata ń bẹ, àlùbọ́sà ń bẹ, ẹ̀fínrín ń bẹ lẹ́yìn ilé. Ẹja gbígbẹ tí a fi èéfín yan ń bẹ, tí kò nílò iyọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ nínú ọbẹ̀.

Ahọ́n sì máa ń kọ́ ẹ̀kọ́, bí a kò bá fi agídí kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá gé iyọ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà yóò rò pé ewé lásán ni òun ń jẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan, ọbẹ̀ tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni yóò wá korò mọ́ ọn lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí yọ iyọ̀ kúrò nínú búrẹ́dì ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, àwọn tí ń jẹ ẹ́ kò sì fura. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èyí ni ó gbé mi padà sórí ọ̀rọ̀ ìkòkò, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó rí iṣẹ́ yìí ṣe níbòmíràn, agbo ilé àti abúlé ni wọ́n mú, wọn kò mú ẹnì kan. Ní ilẹ̀ Aṣáńtì ní Ghana, ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006 kó abúlé 12 jọ, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ará abúlé kan nínú wọn pé kí wọ́n dín iyọ̀ ìdáná kù, kí wọ́n máa rẹ ẹja oníyọ̀ sínú omi kí wọ́n tó sè é. Àwọn tí iyọ̀ wọn dín kù ni ẹ̀jẹ̀ wọn rọlẹ̀. Ní Ṣáínà, ní abúlé 600, wọ́n fún àwọn tí ó ti ní rọpárọsẹ̀ rí tàbí tí wọ́n ti dàgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru ní iyọ̀ tí a fi potassium rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, nínú ìwádìí tí a parí ní 2021. Rọpárọsẹ̀ dín kù ní ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti àwọn tí ń jẹ iyọ̀ àtijọ́. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà ni pé èyí tí yóò tó gbogbo ilé ni wọ́n ń bù fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Àwọn Ṣáínà náà ti mọ̀ pé kò sí bí ìyàwó ilé yóò ti se ìkòkò méjì lójoojúmọ́ títí ayé. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà.

A lè bi mí pé kí ni ọmọdé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ṣe tí yóò fi bá bàbá rẹ̀ jẹ ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ó sì ní ìdáhùn. Nínú ìwádìí mìíràn tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí tiwọn kò tíì ru pàápàá rọlẹ̀ nígbà tí a dín iyọ̀ wọn kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn tí ó ti ń ru rọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A lè tún rán mi létí gẹ̀gẹ̀, pé ìjọba ni ó ní kí a máa fi iodine sí iyọ̀ láti àwọn ọdún 1990 wá, kí gẹ̀gẹ̀ má baà máa yọ lọ́rùn ènìyàn. Òótọ́ ni, iyọ̀ oní-iodine náà ni kí a máa rà, kí a ṣáà máa fi orí ìka mú un. Ti iyọ̀ onípotassium ńkọ́? Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá múṣémúṣé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án láìbi oníṣègùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ sọ oògùn rẹ̀ nù nítorí pé ọbẹ̀ rẹ̀ ti yí padà.

Ibi tí ó ṣòro jù ni mo fi sí ìparí, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni. Ọbẹ̀ tí ó té jẹ́ ẹ̀gàn tí obìnrin Èkìtì kì í tètè gbàgbé. Ìyàwó tuntun ti sunkún nítorí rẹ̀, àwọn alásè níbi ìnáwó sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju iná lọ, nítorí ẹni tí ó jẹ ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ yóò mu omi, yóò sì dákẹ́, ẹni tí ó jẹ èyí tí iyọ̀ rẹ̀ kéré ni yóò ròyìn rẹ̀ délé. Nígbà tí a bá wá fi ìwé oníṣègùn lé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ó dín iyọ̀ kù, a ti ní kí ó fi orúkọ rere rẹ̀ ra ìlera ẹlòmíràn, òun nìkan. Mo gbà báyìí pé ìyẹn gan-an ni ó bí ìkòkò kejì: ìyá ń dáàbò bo ọkọ wọn, wọ́n sì ń dáàbò bo orúkọ ọbẹ̀ wọn lọ́wọ́ kan náà. Kò sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀. Àwa tí a jókòó ti àwo ni ọ̀rọ̀ kàn, nítorí ẹnu wa ni ó ń bu iyọ̀ sínú ìkòkò kí ọwọ́ wọn tó dé ibẹ̀. Bí ọkọ, ọmọ àti àlejò bá lè sọ ọ́ jáde, kí ìyá sì gbọ́, pé “Ẹ dín in kù fún gbogbo wa,” a jẹ́ pé a ti gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹnì kan.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè pé ta ni ó yẹ kí ó dín iyọ̀ kù nínú ilé tí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ti ń ru, n kò ní nawọ́ sí bàbá. Gbogbo ẹni tí ó bá ń bù nínú ìkòkò náà ni mo máa pè, n ó sì ní kí ẹni tí ara rẹ̀ le jù bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń ṣe tiwọn nítorí pé wọ́n ti fi dandan mú wọn, ẹni tí ara rẹ̀ le ṣì lè fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ṣe é, ahọ́n rẹ̀ sì ṣì ní àkókò tí ó pọ̀ láti fi kọ́ ẹ̀kọ́.